Súìṣì Ọlọ́gbọ́n àti Àṣírí Ilé

  

Lọ́dọọdún, ohun tí ó jẹ mọ́ kéú kíkà, ìwà ọmọ tàbí ìtàn àwọn onímọ̀ ni mo máa ń kọ sínú ìwé yìí. Ti ọdún yìí yàtọ̀ díẹ̀. Súìṣì iná ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu. Láti ọdún 2024 tí a ti fi irú súìṣì tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọlọ́gbọ́n sí ilé wa ní Ìbàdàn, àwọn òbí àti àwọn ará mọ́sálásí kò yé bi mí léèrè pé, "Ààfáà, báwo ni nǹkan yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó dára? Ṣé kí èmi náà rà á?" Ó sàn kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sì fi ọ̀rọ̀ kan tí ó tóbi ju iná lọ kún un, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àṣírí ilé.

Kí ni súìṣì yìí?

Súìṣì tí a bá láyé kò ní ọgbọ́n kankan. Irin pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, irin kan yóò kan ìkejì, iná yóò sì kọjá; bí a bá tẹ̀ ẹ́ sókè, wọn yóò pínyà, iná yóò sì kú. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Henry Holmes, ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe irú èyí tí ń já iná kíákíá ní ọdún 1884, kí iná má baà máa ta pàrà nínú rẹ̀ kí ó sì jó o. Títí di òní, bí súìṣì ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé nìyẹn.

Súìṣì ọlọ́gbọ́n ní tirẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú, tí ń gbọ́ Wi-Fi gẹ́gẹ́ bí fóònù wa ṣe ń gbọ́ ọ. Bí ènìyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lára ògiri, yóò ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, àṣẹ náà sábà máa ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, ní ilẹ̀ òkèèrè, yóò sì padà wá sínú ògiri ilé ní ìṣẹ́jú àáyá. Ènìyàn tún lè pa á láṣẹ pé kí iná tàn ní agogo báyìí, kí ó sì kú ní agogo báyìí, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọdún yóò fi yípo.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má rò pé ayé òde òní ni ọmọ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iná tí yóò máa tọ́jú ara rẹ̀. Ní ìlú Bàgídádì, ní nǹkan bí ọdún 850, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tí à ń pè ní Banū Mūsā kọ ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kitābul-Ḥiyal, tí wọ́n ṣe àpèjúwe nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ àrà sínú rẹ̀. Àtùpà tí ń ti òwú ara rẹ̀ jáde bí ó bá ti ń jó lọ, àti èyí tí ń bu epo sí ara rẹ̀, wà nínú wọn. Ẹ fi àtùpà yìí sọ́kàn, nítorí mo máa tó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó mú wa fi í sílé

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé. Àrùn ojú tí ń jẹ́ glaucoma ti gba púpọ̀ nínú ìríran wọn. Àrùn náà sábà máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, èyí tí ó bá sì ti lọ kì í padà mọ́. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú ni a fi ń di èyí tí ó ṣẹ́kù mú. Ní òru, wọ́n a máa dìde láti kí ìrun. Kí wọ́n tó dé ibi tí omi alùwàlá wà, wọ́n ní láti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kọjá tí àtẹ̀gùn kékeré méjì wà nínú rẹ̀, súìṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Ògiri ni wọ́n máa ń fọwọ́ tá títí wọn yóò fi dé ìdí rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ tí ọwọ́ wọn ń ra ògiri báyìí lóru, oorun mi a dá.

Àbúrò mi, tí í ṣe àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó wá bá wa ṣe ọdún Iléyá ní 2024, súìṣì ọlọ́gbọ́n méje ni ó gbé wá nínú ẹrù rẹ̀: ọ̀kan fún yàrá Ìyá, ọ̀kan fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan fún pálọ̀, ọ̀kan fún ilé ìdáná, ọ̀kan fún fàrándà tí àwọn ọmọ ti ń ka wàláà lálẹ́, àti méjì fún ìta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá kò ní máa tá ògiri mọ́." Mo ṣe àmín sí i.

Bí a ṣe fi í sára ògiri

Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa ni a pè. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó lọ sí ìdí súìṣì ńlá tí ń gba iná wọlé, ó pa á, ó sì fi irin ìdánwò rẹ̀ yẹ wáyà wò bóyá iná ti kú lóòótọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa: iná ilé wa kì í ṣe ohun ìṣeré, ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú u.

Nígbà tí ó ṣí àpótí súìṣì àkọ́kọ́, wáyà méjì péré ni ó bá níbẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Ààfáà, níútírà kò sí níbí." Mo ní kí ó là á yé mi. Àlàyé rẹ̀ rèé. Wáyà kan ní ń gbé iná wá, òun ni wọ́n ń pè ní láìfù. Ìkejì ni iná ń bá padà, òun ni wọ́n ń pè ní níútírà. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, láìfù nìkan ni ó ń sọ̀kalẹ̀ wá sínú súìṣì, tí yóò sì tún gòkè lọ bá gúlóòbù. Níútírà kì í bá a sọ̀kalẹ̀. Òkè àjà ni ó ń gbà dé ìdí gúlóòbù. Súìṣì àtijọ́ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n súìṣì ọlọ́gbọ́n kì í sùn. Kódà nígbà tí gúlóòbù bá kú, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ àṣẹ, ẹni tí kì í sùn yóò sì jẹun lóru. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń béèrè níútírà.

Mẹ́rin nínú méje tí àbúrò mi gbé wá ni ó jẹ́ irú èyí. Oníṣẹ́ iná ní láti fa wáyà tuntun gba inú páìpù ògiri wálẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́ta tí ó kù jẹ́ irú èyí tí kò béèrè níútírà. Ohun tí àwọn yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí iná díẹ̀díẹ̀ máa gba inú gúlóòbù kọjá kí wọ́n lè rí ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, gúlóòbù ilé ìdáná tí a ti pa ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Àwọn ọmọ ní àlùjọ̀nnú ni. Kì í ṣe àlùjọ̀nnú. Iná díẹ̀ yẹn ni gúlóòbù LED ń rí gbà. Ní ọjọ́ kejì, oníṣẹ́ iná mú ohun kékeré kan tí ń jẹ́ kàpásítọ̀ wá, ó so ó mọ́ ìdí gúlóòbù náà, ìṣẹ́jú náà sì dáwọ́ dúró. Àpótí méjì nínú ògiri kò jìn tó, nítorí súìṣì tuntun nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Ó fi ìdámọ̀ gbẹ́ wọn jìn sí i. Gbogbo iṣẹ́ náà gba ọjọ́ méjì.

Bí a ṣe ń bá a gbé

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé súìṣì yìí kò ní iná tirẹ̀. Bí iná bá lọ, òun náà lọ. Nígbà tí iná bá dé, tí àwọn ọmọ bá sì ń pariwo "Ọ̀pù Nẹ́pà!", orúkọ tí ilé iṣẹ́ náà ti pa tì láti ọdún 2005, súìṣì yóò lo ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ kí ó tó rí Wi-Fi mú padà. Ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi pàápàá gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù kò ní rí súìṣì kankan pàṣẹ fún. Wi-Fi náà sì ní oríṣi, 2.4 GHz ni súìṣì tiwa ń gbọ́, kò gbọ́ 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ yìí ni ó sì ń la ògiri kọjá dáadáa jù.

Ohun kejì ni ohun tí súìṣì yóò ṣe bí iná bá padà dé. Nínú áàpù rẹ̀, ènìyàn lè yàn pé kí ó wà ní pípa, tàbí kí ó padà sí bí ó ṣe wà kí iná tó lọ. Ní ilẹ̀ wa, pípa ni ó dára jù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iná lè dé ní agogo mẹ́ta òru kí gbogbo ilé sì mọ́lẹ̀ rokoṣo bí ilé wòlímọ̀.

Ohun kẹta, tí mo fẹ́ràn jù, ni ti àkókò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oòrùn kì í wọ̀ ní agogo kan náà láti oṣù dé oṣù. Ní agbègbè Ìbàdàn, ó máa ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo 6:30 ní oṣù kọkànlá, ní oṣù keje ó máa ń tó nǹkan bí agogo 7:00. Áàpù yìí lè tẹ̀lé wíwọ̀ oòrùn fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé àkókò ìrun ṣe ń tẹ̀lé e. Nígbà tí ladáànì bá ń pe ìrun Mọ̀gàríbì, iná ìta wa ti ń tàn. Ní oṣù Àwẹ̀, iná ilé ìdáná ni ó ń jí àwọn obìnrin ilé fún sààrì. Ní agogo 11 alẹ́, gbogbo iná pálọ̀ àti fàrándà yóò kú fúnra wọn. Mo rántí pé Ànọ́bì wa ti gba àwọn sàábé níyànjú pé kí wọ́n máa pa àtùpà kí wọ́n tó sùn, nítorí eku lè fa òwú àtùpà kí ó sì jó ilé mọ́ onílé lórí. LED kò ní òwú tí eku yóò fà, ṣùgbọ́n wáyà tí ó ti gbó ṣì ń jó ilé.

Ohun kẹrin ni ti owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé súìṣì yìí ni yóò dín owó iná kù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Gúlóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, bí a bá tàn án fún wákàtí 10 lálẹ́, yóò jẹ yúníìtì 18 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gúlóòbù LED oníwáàtì 9 yóò jẹ yúníìtì 2.7 péré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn tí ó wà ní Band A di ₦225. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, ti àtijọ́ yóò ná wa ní ₦4,050, LED yóò ná wa ní ₦607.50. Gúlóòbù ni ó ṣe èrè yìí, kì í ṣe súìṣì. Súìṣì tí kì í sùn ń jẹ tirẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ ìdajì wáàtì tọ̀sán-tòru, méje yóò jẹ yúníìtì 2.52 lóṣù, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oúnjẹ gúlóòbù LED kan tí a ń tàn lálaalẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ọ̀nà àti dín owó kù, kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ gúlóòbù rẹ̀, kí ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa pa iná bí wọ́n bá ń jáde nínú yàrá. Ìnákúnàá kò dára, ìbáà jẹ́ ti omi alùwàlá, ìbáà jẹ́ ti iná.

Iná tí ń ròyìn

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní ìparí ọdún 2024, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kan, àbúrò mi pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣe Ìyá? Iná yàrá wọn tàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru àná. Lóru ìjẹta náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni." Mo bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀. Ó ní inú áàpù ni: gbogbo ìgbà tí iná bá tàn àti ìgbà tí ó bá kú ni ó ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú agogo rẹ̀. Ó ní nínú ọkọ̀ ojú irin ni òun ti máa ń wò ó lárààárọ̀ bí òun bá ń lọ síbi iṣẹ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Mo jíṣẹ́ fún Ìyá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún un?" Mo ní, "Súìṣì ni, Màámi." Wọ́n ní, "Súìṣì?" Wọ́n yíjú sí ibi tí ó wà lára ògiri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bí wọ́n ṣe rí i tó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ohun tí ń bẹ láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi lóru, bàbá yín tí ó fẹ́ mi kò mọ gbogbo rẹ̀ kí Ọlọ́hun tó pè é. Ìgbà wo ló wá di ohun tí ògiri ń ròyìn dé Lọ́ńdọ̀nù? Bí ọmọ náà bá fẹ́ mọ̀ bí mo ṣe sùn, kí ó pè mí, kí ó bi mí. Ẹnu mi kò tíì di."

Ní òru ọjọ́ náà, mo jí, mo sì gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ mọ́ láti bí oṣù mélòó kan: ọwọ́ Ìyá lára ògiri. Wọn kò tan iná. Inú òkùnkùn ni wọ́n gbà lọ ṣe alùwàlá, wọ́n sọ àtẹ̀gùn méjèèjì kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń wá ọ̀nà. Iná tí a fi sílé kí wọ́n má baà ṣubú ni wọ́n ń sá fún, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, n kò bá àbúrò mi wí. Ọ̀nà jìn, ìfẹ́ ìyá sì ń jó o lọ́kàn. Ó ní bí Ìyá bá ṣubú lóru tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọmọ tàbí ẹbí ní òkè òkun mọ̀ pé òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Ìyá náà sọ. Ìrun òru jẹ́ ìjọ́sìn tí ẹrú Ọlọ́hun ń fi pamọ́, kí ṣe-ká-rí-mi má baà wọ̀ ọ́. Ẹ sì jẹ́ kí a wo Sūratun-Nūr. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti kọ́ wa pé kí a má wọ ilé ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Kò sì fi mọ sí ọ̀dọ̀ àlejò. Àwọn tí ń bẹ nínú ilé pàápàá, títí kan àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà, ni ó ní kí wọ́n máa gba ìyọ̀ǹda ní ìgbà mẹ́ta: kí ó tó di ìrun àsùbáà, ní ọ̀sán nígbà tí ènìyàn bá bọ́ aṣọ láti sinmi, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ ronú sí i. Méjì nínú ìgbà mẹ́ta yìí ni ìgbà tí iná yàrá ń tàn tí ó sì ń kú jù. Bí ọmọdé inú ilé bá ní láti gbàṣẹ kí ó tó yọjú wọlé nígbà náà, ṣé fóònù tí ó wà ní ìlú òkèèrè lè máa yọjú wọlé láìgbàṣẹ? Nínú Sūratul-Ḥujurāt, a tún kọ̀ fún wa láti máa ṣọ́ ara wa lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ni nítorí ìfẹ́ àti ẹni tí ó ń ṣọ́ni nítorí ibi kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń ṣọ́ ni ó yẹ kí ó sọ ibi tí ààlà wà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, a jókòó nínú yàrá Ìyá, àbúrò mi sì wà lórí fóònù. Ìyá ni a fi sórí àga ìdájọ́. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Súìṣì àtijọ́ yóò padà sí yàrá wọn. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò máa tàn fúnra rẹ̀ láti agogo méjì òru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, yálà ẹnì kan dìde tàbí kò dìde. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú èyí: iná tí ń tàn lálaalẹ́ ní agogo kan náà kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé lágbájá jí. Gúlóòbù wáàtì 5 ni a fi síbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó ₦200 lóṣù ní iye owó tí a fi ṣírò lókè. A ra agogo kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, tí wọn yóò lù bí wọ́n bá nílò wa. Àbúrò mi yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lórí gbogbo iná inú ilé. Ti ìta méjèèjì nìkan ni ó ṣì ń rí. Dípò èyí, ó ń pe Ìyá lárààárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìpè yìí bí. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi bi wọ́n pé, "Màámi, kí ló dé tí ẹ fi ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Méjì jẹ́ ti Ọlọ́hun, méjì jẹ́ ti ìtọ̀." Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ni ó ń mú wọn tọ̀, alẹ́ ni wọ́n sì máa ń lò ó. A mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà, ó ní kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀. Láti ìgbà náà, òru wọn ti rọlẹ̀. Oṣù mélòó kan ni áàpù fi ń ka iye ìgbà tí iná tàn, kò mọ ìdí rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo láti ẹnu ọmọ sí etí ìyá ni ó mú ìdí náà jáde.

Ìmọ̀ràn mi

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ rà á: ó wúlò, pàápàá fún arúgbó, fún aláìsàn, àti fún iná ìta. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ iná tó fọwọ́ kan ògiri, ẹ pe gbogbo ará ilé jọ. Ẹ sọ fún wọn pé súìṣì yìí lè máa kọ ìgbà tí iná tàn àti ìgbà tí ó kú sílẹ̀. Ẹ sọ ẹni tí yóò rí i, kí ẹni tí ó ń sùn nínú yàrá sì sọ bóyá òun gbà. Èyí kan ìyàwó, ó kan ọmọ tí ó ti bàlágà, ó sì kan ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ tún rántí pé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe súìṣì náà lè tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Oríṣi mìíràn wà tí àṣẹ rẹ̀ lè parí sínú ilé láìdé ilẹ̀ òkèèrè. Láti ọdún 2022 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń lo ìlànà kan tí ń jẹ́ Matter fún irú èyí. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ mọ fóònù lò ju àwọn òbí yín lọ: bí wọ́n bá fi áàpù ilé sí ọwọ́ yín, àmáánà ni. Ẹni tí ó bá ń pa iná mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí láti yàrá kejì fún ẹ̀rín, tàbí tí ó ń wo ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ sùn, ti jẹ àmáánà yẹn.

Fún ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa tí ẹ ń gbèrò láti lò ó: iná ìta àti iná ibi alùwàlá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó máa tẹ̀lé wíwọ̀ oòrùn. Ẹ má ṣe fi àṣẹ rẹ̀ sórí fóònù ẹnì kan ṣoṣo, nítorí ẹni náà lè rin ìrìn àjò, fóònù rẹ̀ sì lè sọnù. Ènìyàn méjì ni kí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì rí i pé ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ lára ògiri láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn bàbá wa má baà kí ìrun nínú òkùnkùn nítorí pé dátà tán.

Àtùpà Banū Mūsā ti òwú ara rẹ̀ jáde, ó bu epo sí ara rẹ̀, kò sì ròyìn ẹni tí ó jókòó níbi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irú iná bẹ́ẹ̀ ni kí a máa wá: èyí tí yóò tàn fún ẹsẹ̀ ìyá wa, tí yóò sì bo àṣírí wọn. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú wa àti ọkàn wa, kí Ó bo àṣírí ilé gbogbo wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa bèèrè wa nígbà tí ojú wa bá di bàìbàì. Àmín.